Nígbà tí Apá Katakata Kò Bá Gbéra Mọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn awakọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ní katakata àjọní

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí katakata tí ó ní apá níwájú. Apá méjì ni, irin ni wọ́n, agbọ̀n irin ńlá sì wà ní ẹnu wọn. Òun ni a fi ń kó iyanrìn. Òun ni a fi ń kó ilẹ̀ pupa sí ojú ọ̀nà. Òun ni a fi ń kó ìgbẹ́ màlúù sínú ọkọ̀ lọ sí oko. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá le, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá fi ṣọ́bìrì ṣe títí di alẹ́, yóò parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí apá náà yóò kọ̀ṣẹ́. Awakọ̀ yóò fa ọ̀pá ìdarí, apá yóò gbéra díẹ̀, yóò dúró. Tàbí kí ó gòkè tán, kí ó tún máa rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò pé lé e lórí. Ẹnì kan yóò ní, «Pọ́ǹpù ti kú.» Ẹlòmíràn yóò ní, «Ẹ fún nọ́ọ̀tì yẹn mọ́ra.» Ẹgbẹ́ yóò dá owó jọ, wọn yóò ra pọ́ǹpù tuntun. Wọn yóò fi í sí i, apá kò ní gbéra síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò wo inú táǹkì, yóò sì rí i pé òróró ni kò tó.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: kí a wádìí kí a tó tú ẹ̀rọ. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná wa ní nǹkan kan. Kí a fi ibi tí ó náni lówó sí ìkẹyìn.

Kí ni ó ń fún apá náà ní agbára?

Òróró ẹ̀rọ ni. Ẹ wo ọ̀nà tí ó ń gbà.

Òróró wà nínú táǹkì. Pọ́ǹpù ń fà á jáde, ó sì ń fi ipá tì í lọ. Asẹ́ wà lójú ọ̀nà tí ó ń di ìdọ̀tí mú. Láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, òróró dé inú àpótí irin kan tí àwọn ọ̀pá ìdarí wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe àpótí yìí ní oríta, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀nà òróró ti ń yà. Bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá kan, òróró gba ọ̀nà kan. Bí ó bá tì í, òróró gba ọ̀nà mìíràn. Láti oríta, òróró ń gba inú páìpù rọ́bà lọ sí inú jáàkì.

Jáàkì jọ ohun tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́. Irin gígùn oníhò ni, ọ̀pá irin sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá náà ní orí nínú lọ́hùn-ún. Orí yìí wọ òrùka rọ́bà, kí òróró má bàa kọjá láti ìhà kan sí ìhà kejì. Bí òróró bá wọlé láti ìsàlẹ̀, ó ti ọ̀pá jáde, apá gòkè. Bí ó bá wọlé láti òkè, ó ti ọ̀pá padà, apá sọ̀ kalẹ̀. Òróró tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ yóò padà sí táǹkì.

Báwo ni òróró ṣe lè gbé ẹrù tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀? Ará Faransé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Blaise Pascal. Wọ́n bí i ní 1623, ó kú ní 1662. Ó kọ́ wa pé bí a bá sé omi tàbí òróró mọ́ inú ohun kan, tí a sì tẹ̀ ẹ́, ipá náà yóò dé ibi gbogbo nínú ohun náà bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya igun kékeré kan sílẹ̀, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Òróró katakata lè fi ipá tí ó tó kílò 150 tẹ irú igun kékeré bẹ́ẹ̀. Bí orí ọ̀pá inú jáàkì bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 láti etí kan dé ekejì, irú igun bẹ́ẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ yóò tó 20 dín díẹ̀. 150 lọ́nà 20 jẹ́ 3000. Nítorí náà, jáàkì kan ṣoṣo lè ti ẹrù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 3000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 3.

Nínú táyà ọkọ̀ kékeré, ipá afẹ́fẹ́ lórí irú igun kan náà kò ju nǹkan bíi kílò 2 lọ. Ẹ fi 2 wé 150. Ipá tí ó ń gbé ẹrù fún wa yìí, òun kan náà ni ó lè pa wá. Ìdí nìyí tí òfin fi ṣáájú ìwádìí.

Òfin mẹ́ta kí a tó fọwọ́ kàn án

Òfin kìíní: ẹ má ṣe wọ abẹ́ apá tí ó wà lókè. Páìpù kan lè bẹ́ nígbàkúgbà. Bí ó bá bẹ́, apá yóò já lulẹ̀ kí ènìyàn tó lè sá. Ẹ sọ apá kalẹ̀, kí agbọ̀n irin jókòó sórí ilẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá béèrè pé kí apá wà lókè, irin ìtìlẹ́yìn tí wọ́n ṣe fún un ni kí a fi tì í. Igi kọ́, búlọ́ọ̀kù kọ́. Bí apá bá há sókè tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i, kí a sì pe mẹkáníìkì.

Òfin kejì: ẹ má ṣe tú páìpù kankan nígbà tí ipá ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ti ọ̀pá ìdarí síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ tì í sọ́tùn-ún, ẹ tì í sósì, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Báyìí ni ipá tí a sé mọ́ inú páìpù ṣe ń jáde.

Òfin kẹta: ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí òróró ti ń jò. Ihò tí ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lè wà lára páìpù, kí ojú má rí i. Òróró tí ó ń tibẹ̀ jáde yóò gún awọ ara bí abẹ́rẹ́ dókítà, yóò sì wọ inú ẹran ara. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré, ó lè má dùn ènìyàn ní wákàtí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òróró náà ń ba ẹran jẹ́ nínú. Ẹni tí ó bá fi ṣeré, ó lè pàdánù ìka rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi páálí tàbí pákó pẹlẹbẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ẹ ó rí ibi tí òróró ti tutọ́ sí i lára. Bí ó bá sì gún ẹnikẹ́ni, ẹ má fi ewé sí i, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé òróró ẹ̀rọ tí ó ní ipá ni ó wọ inú ara rẹ̀, kí ó má bàa rò pé ọgbẹ́ kékeré lásán ni.

Ó dára. A ti mọ òfin. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ṣé òróró ni ó jẹ̀bi?

Kí a tó fi ẹ̀sùn kan òróró, ẹ wo ohun mẹ́ta.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ nígbà tí apá fẹ́ gbéra, ó lè jẹ́ pé epo kò dé ibẹ̀ dáadáa tàbí pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Ara ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ wò.

Ẹrù ńkọ́? Iyanrìn tí òjò ti pa wúwo ju iyanrìn gbígbẹ lọ. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń fẹ́ kúrò nílẹ̀, apá kò ṣàìsàn. Ẹrù ni ó pọ̀ jù. Ẹ dín in kù kí katakata má bàa dojú dé.

Irin ńkọ́? Ẹ wo bóyá apá ti wọ́, tàbí bóyá oríkèé rẹ̀ ti gbẹ nítorí àìfi gírísì sí i.

Bí àwọn mẹ́ta yìí bá dára, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìbéèrè kìíní: ṣé gbogbo rẹ̀ ni, tàbí ẹyọ kan?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi wé e. Bí abúlé kan bá ní omi ẹ̀rọ, tí omi kò dé ilé ẹnì kan ṣoṣo, páìpù ilé onítọ̀hún ni a ó lọ wò. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá dé ilé ẹnikẹ́ni, ìdí kànga ni a ó lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti katakata rí.

Ẹ gbé apá iwájú sókè. Ẹ yí agbọ̀n irin. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé apá ẹ̀yìn tí a fi ń so ohun èlò ìtulẹ̀ mọ́.

Bí gbogbo wọn bá ń ṣe bí aláìlera, ibi tí wọ́n ti jọ ń mu ni àìsàn wà: òróró fúnra rẹ̀, asẹ́, tàbí pọ́ǹpù.

Bí apá ẹ̀yìn bá dára, tí iwájú nìkan kò dára, ẹ wo ibi tí a ti so páìpù iwájú mọ́ katakata, kí ẹ sì wo oríta ti iwájú.

Bí ìṣesí kan ṣoṣo ni kò dára, bóyá agbọ̀n irin kò fẹ́ yí, ṣùgbọ́n apá ń gòkè dáadáa, ọ̀nà ti agbọ̀n nìkan ni kí ẹ wò: jáàkì rẹ̀, páìpù rẹ̀, ọ̀pá ìdarí rẹ̀. Pọ́ǹpù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ má ra pọ́ǹpù.

Ìbéèrè kejì: ṣé ó ń lọ́ra ni, tàbí kò lágbára ni?

Ọ̀rọ̀ méjì ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè wọ́n ní ọ̀kan.

Apá kan wà tí ó ń gbé ẹrù kíkún, ṣùgbọ́n tí ó ń pẹ́ kí ó tó dé òkè. Ìyẹn lọ́ra. Iye òróró tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó kéré.

Apá kan wà tí ó ń yára gòkè nígbà tí agbọ̀n ṣófo, ṣùgbọ́n tí kò lè gbé ẹrù. Ìyẹn kò lágbára. Ipá òróró ni kò tó, tàbí kí ipá náà máa gba ibòmíràn sá lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lọ́ra, ẹ kà á. Ní ọjọ́ tí ara katakata le, ẹ gbé agbọ̀n òfìfo láti ilẹ̀ dé òkè, kí ẹnì kan máa wo aago. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fura, ẹ tún un kà, kí ẹ́ńjìnnì máa sáré bí ó ti ń sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí iye náà bá ti di ìlọ́po méjì, ẹ kò ní máa jiyàn mọ́. Ìwé yóò bá yín sọ ọ́.

Ẹ wo òróró

Ẹ gbé katakata sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ sọ apá kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa ọ̀pá ìwọn òróró yọ. Kí ló dé tí apá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀? Nítorí pé bí apá bá wà lókè, òróró púpọ̀ wà nínú jáàkì, ẹ ó sì rò pé táǹkì ti gbẹ. Bí ẹ bá bù kún un báyìí, yóò pọ̀ jù nígbà tí apá bá sọ̀ kalẹ̀.

Bí òróró bá dín, ẹ fi irú èyí tí ìwé katakata dárúkọ kún un. Kì í ṣe èyíkéyìí tí a bá rí lọ́jà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí èyí tí ó dín gbà lọ, nítorí òróró kì í dín lásán.

Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀:
– Bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀.
– Bí ó bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀.
– Bí ó bá dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, ó ti gbóná ju bí ó ti yẹ lọ.
– Bí ó bá ń dán wínníwínní bíi pé wọ́n lọ irin sínú rẹ̀, irin kan ń jẹ irin nínú ẹ̀rọ. Ẹ dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà.

Eruku ni ọ̀tá òróró, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ fi àkísà mímọ́ nu ẹnu táǹkì kí ẹ tó ṣí i. Bí wákàtí tí ìwé kọ fún asẹ́ bá ti pé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Asẹ́ kò wọ́n tó pọ́ǹpù.

Ẹ tẹ́tí sí i

Pọ́ǹpù tí kò rí òróró fà dáadáa máa ń ké kíkankíkan láì dúró. Asẹ́ ti dí, tàbí òróró nípọn jù, tàbí páìpù tí ó ń gbé òróró wá láti táǹkì ti tẹ̀.

Bí ó bá ń dún gbàràgbàrà bíi pé òkúta wà nínú rẹ̀, tí apá sì ń ta pọ́n-pọ́n bí ó ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ ni ó ń fà mọ́ òróró. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Páìpù tí ó wà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù, fífà ni a ń fa òróró gba inú rẹ̀, a kì í tì í. Bí ó bá lu, ó lè má jò síta rárá. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ẹ má sọ pé, «Ilẹ̀ gbẹ, kò sí ibi tí ó lu.» Ẹ wo àwọn irin tí ó di ẹnu páìpù náà mú, bóyá wọ́n ti tú.

Ohùn kan wà tí kì í ṣe ti àìsàn. Bí apá bá dé òpin òkè, tí awakọ̀ kò sì tú ọ̀pá ìdarí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí òróró ń súfèé. Ilẹ̀kùn ààbò ni ó ṣí, kí ipá má bàa bẹ́ páìpù. Ẹ kàn tú ọ̀pá sílẹ̀. Bí a bá dì í mú síbẹ̀, òróró yóò máa gbóná lásán.

Ẹ wo òwúrọ̀, ẹ wo ọ̀sán

Òróró tutù nípọn, òróró gbígbóná ṣàn bí omi. Èyí ń ràn wá lọ́wọ́.

Bí apá bá ń lọ́ra ní òwúrọ̀ ọyẹ́ nìkan, tí ó sì ń dára bí oòrùn ti ń mú, òróró nípọn jù fún ẹ̀rọ náà, tàbí asẹ́ ti fẹ́ dí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí apá bá dára ní òwúrọ̀, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sán, ohun kan ti jẹ nínú ẹ̀rọ. Àyè ti wà láàárín irin àti irin. Òróró tí ó nípọn kò lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti ṣàn ń gba ibẹ̀ sá padà. Pọ́ǹpù tí ó ti gbó ni ó sábà máa ń ṣe báyìí.

Ẹ wo ibi ìsopọ̀ páìpù

Lórí ọ̀pọ̀ katakata, a lè yọ apá iwájú kúrò nígbà tí a kò bá lò ó. Ibi tí a ti ń so páìpù rẹ̀ padà ní ọmọ irin róbótó kan nínú tí ó ń dí ọ̀nà. Bí a bá ti ìsopọ̀ náà wọlé dé òpin, ọmọ irin yẹn yóò sún sẹ́yìn, ọ̀nà yóò ṣí. Bí kò bá wọlé dé òpin, ọ̀nà kò ṣí tán. Apá lè gòkè kí ó má lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, tàbí kí ó kọ̀ láti gòkè rárá.

Bí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ so apá padà, ẹ má wo ibòmíràn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú ipá sílẹ̀ bí òfin kejì ti wí, ẹ nu ìsopọ̀ náà, ẹ tún un tì wọlé títí yóò fi dún kọ́ọ̀. Kò ní ná yín ní fàráńkì kan.

Apá tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo ọ̀pá ìdarí. Lórí ọ̀pọ̀ katakata, bí a bá tì í kọjá ibi ìsọ̀kalẹ̀, yóò há síbẹ̀. Ibẹ̀ ni òróró ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láìsí ìdíwọ́, kí agbọ̀n irin lè máa tẹ̀lé gẹ́lẹ́gẹ̀lẹ̀ ilẹ̀. Apá tí ọ̀pá rẹ̀ há síbẹ̀ kò ní dúró lókè, kò sì ní lè tẹ ilẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ dá ọ̀pá padà sí àárín.

Bí ọ̀pá bá wà ní àárín tí apá ṣì ń sọ̀, ẹ wọn ọ́n. Ẹ gbé agbọ̀n pẹ̀lú ẹrù dé ìwọ̀n orúnkún péré. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi igi wọn gíga rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ tún un wọ̀n. Kí ó sọ̀ díẹ̀ kì í ṣe ohun ìyanu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìjò kan ń dàgbà.

Níbo ni? Bí ọ̀pá jáàkì bá ń rin fún òróró níta, òrùka ìta ni ó ti gbó. Ẹ̀yin fúnra yín lè rí ìyẹn. Bí ìta bá gbẹ, inú ni, ibi méjì sì ni ó lè jẹ́: òrùka orí ọ̀pá inú jáàkì, tàbí oríta. Bí ó bá ń gbé ẹrù dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò lè dì í mú lókè, oríta ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá lè gbé e dáadáa, tí kò sì lè dì í mú, ẹ fura sí òrùka.

Mẹkáníìkì ní ọ̀nà tí ó fi ń mọ̀ ọ́n dájú. Yóò ti ọ̀pá jáàkì dé òpin ìrìn rẹ̀, yóò tú páìpù ìhà kejì, yóò sì tún fi ipá ránṣẹ́ sí ìhà àkọ́kọ́. Bí òróró bá ń jáde ní ẹnu tí ó ṣí, òrùka ti lu. Bí kò bá jáde, jáàkì dára. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ awakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ni katakata lè ní kí ó ṣe é lójú yín kí ẹ tó sanwó jáàkì tuntun.

Nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún

Ilẹ̀kùn ààbò tí mo dárúkọ ní nọ́ọ̀tì kan tí ó ń sọ ìwọ̀n ipá tí yóò fi ṣí. Ọlọgbọ́n kan yóò sọ pé, «Ẹ fún un, agbára yóò pọ̀ sí i.» Lóòótọ́, ipá lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n páìpù kò le sí i, irin kò nípọn sí i. Páìpù yóò bẹ́, apá yóò já lulẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mẹkáníìkì tí ó ní aago ìwọn ipá lọ́wọ́ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì náà.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ kan ní agbègbè Kétu ní katakata. Apá rẹ̀ kò gbé ẹrù mọ́. Wọ́n béèrè ìbéèrè kìíní: apá ẹ̀yìn náà kò gbé dáadáa. Nítorí náà, wọn kò wo jáàkì iwájú. Wọ́n wo òróró: ó pé, àwọ̀ rẹ̀ dára. Wọ́n pààrọ̀ asẹ́: kò yí padà. Wọ́n tẹ́tí: kò sí ariwo afẹ́fẹ́. Wọ́n wo àkókò: òwúrọ̀ dára, ọ̀sán burú. Gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí pọ́ǹpù tí ó ti gbó, tàbí ilẹ̀kùn ààbò tí kò padé dáadáa. Ìgbà yìí ni wọ́n pe mẹkáníìkì, wọ́n sì ní kí ó fi aago wọn ipá náà, kí ó fi wé nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé katakata.

Ẹ rí i bí? Ó lè jẹ́ pọ́ǹpù nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá san owó náà báyìí, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń san án fún.

Ìwé katakata

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ó máa wà lọ́dọ̀ awakọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ kọ iye wákàtí tí aago katakata fi hàn. Ẹ kọ iye òróró tí ẹ bù kún un, ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ asẹ́, ìṣẹ́jú àáyá tí apá fi dé òkè, àti ìwọ̀n tí ó fi sọ̀ ní ìṣẹ́jú 10. Bí àìsàn bá dé, ẹ kọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí a ṣe ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀.

Bí mẹkáníìkì bá dé, ẹ ka ìwé náà fún un. Ẹni tí ó bá sọ pé, «Kò ṣiṣẹ́,» yóò sanwó ìwádìí àti owó àtúnṣe. Ẹni tí ó bá lè sọ pé, «Iwájú nìkan ni, ó lọ́ra, òróró pé, láti ọjọ́ tí a so páìpù padà ni,» ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

 Kí irin má pa wá o.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ló dé tí apá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó wọn òróró?
2. Bí agbọ̀n irin nìkan kò bá yí, ṣé pọ́ǹpù ni ó bàjẹ́? Kí ló dé?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín apá tí ó lọ́ra àti èyí tí kò lágbára?
4. Òróró gún ẹnì kan lọ́wọ́, kò sì dùn ún. Kí ni kí a ṣe?
5. Ẹ kọ ohun márùn-ún tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé katakata.